Ẹni Tó Fara Pa Ló Tún Ń Dọ̀bálẹ̀

Ní Ìgbòho, bí ẹ̀rọ bá gé ọmọ iṣẹ́ níka, kì í ṣe ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ wá bẹ àwọn òbí rẹ̀. Àwọn òbí ni yóò kó àgbà méjì mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n á forí lé ilé ọ̀gá lálẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, Alájì. Ọmọ yín náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Ẹni tí jàǹbá ṣe ló ń tọrọ àforíjì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pe ìwà yìí ní sùúrù, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ ka ẹ̀sùn rẹ̀ síta. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó ni sọ́míìlì, kúárì, ilé búrẹ́dì, ilé piọ́ wọ́tà àti ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, ní Ìgbòho níbí àti káàkiri Òkè-Ògùn, títí dé Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí mọ ara rẹ̀. Ìjọba wà nínú ẹ̀sùn yìí, àwa ará ilé náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní: Ẹ ń gbé ọgbẹ́ pa mọ́.

Ẹ wo sọ́míìlì. Ayùn ńlá ń yí, kò sí ohun tó bò ó. Ọmọkùnrin tó ń ti igi sẹ́nu ayùn wọ sálúbàtà, kò sí ìbọ̀wọ́, ìyẹ̀fun igi ń bọ́ sí i lójú. Bí ayùn bá mú un, wọ́n á ya ẹ̀wù, wọ́n á fi di ọwọ́ náà, ó di orí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Bí ọgbẹ́ bá wá ju agbára oníkẹ́míìsì lọ, tó di ọ̀rọ̀ ọsibítù, ọ̀gá á ti kọ́ ọ lọ́rọ̀ lójú ọ̀nà: "Tí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé orí ọ̀kadà lo ti ṣubú." Ohun tí nọ́ọ̀sì yóò kọ sínú ìwé nìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ti ba nǹkan jẹ́, torí ìwé dókítà wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba owó gbà-má-bínú. Ọgbẹ́ ojú iṣẹ́ ti di ọgbẹ́ ojú títì, ọ̀gá ti bọ́ nínú ẹ̀.

Òfin kò fi èyí ṣeré. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ tó fara pa, tàbí ará ilé rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ó kú, fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 7 péré láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó náà. Bó bá dákẹ́, ó ti dẹ́ṣẹ̀ sófin. Ẹ má sì sọ fún mi pé káṣúà ni ọmọ náà, pé kò ní létà. Òfin yẹn ka káṣúà mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́ mọ́ ọn, ó tún ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Òkè-Ògùn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀sùn kejì: Ẹ ń fi iṣẹ́ dẹ́rù bà wọ́n.

Orí ẹ̀sùn yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí òun ni ìyá gbogbo wọn. Ẹ kì í lé wọn. Ẹ gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ẹ kàn máa ń sọ pé, "Iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́sẹ̀ yìí, lọ sinmi, màá pè ẹ́." Fóònù ò sì ní dún mọ́. Àwọn tó kù níbi iṣẹ́ ti rí i, wọ́n ti gbọ́ ohun tí ẹ ò sọ. Ẹni tí ẹ̀rọ bá tún gé lára wọn yóò fọ ọgbẹ́ rẹ̀, yóò panu mọ́.

Ìlú wa ò sì tóbi. Ẹni tó ni sọ́míìlì, àbúrò ẹ̀ ló ń mọ búlọ́ọ̀kù, àna ẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì, òun fúnra ẹ̀ sì lè jẹ́ onílé tí òṣìṣẹ́ náà ń san owó fún. Tí ọ̀kan bá ti sọ pé, "Ọmọ yẹn máa ń pe ènìyàn lẹ́jọ́," ó tán fún un nílùú yìí, láti àdúgbò Mọdékẹ́ títí dé Òkè-Afin.

Òfin iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ tó. Labour Act fàyè gba ọ̀gá láti fi nótíìsì ọjọ́ kan ṣoṣo dá ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ dúró. Ẹni tó ti ṣe ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti gbà pé bí nótíìsì bá ti pé, ọ̀gá ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ti ń yí ìyẹn padà díẹ̀díẹ̀, ó ń ní kí ọ̀gá máa sọ ìdí. Àmọ́ ta ló máa rí owó lọ́yà?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, Dorothy Frampton fi apá ṣèṣe níbi iṣẹ́ ilé iṣẹ́ gáàsì kan. Wọ́n san owó ọsibítù rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù 19 lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún un pé ìdá 30 nínú 100 agbára apá yẹn ti lọ. Kò tíì béèrè nǹkan kan títí dìgbà yẹn, torí ẹ̀rù ń bà á kí iṣẹ́ má bọ́. Ó wá béèrè, wọ́n sì san án. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dá a dúró, wọn ò sọ ìdí. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Indiana dá a láre pé ẹni tí wọ́n bá lé torí pé ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè gba ẹ̀san lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn adájọ́ rí i pé bí ìbẹ̀rù bá wà lọ́kàn òṣìṣẹ́, òfin tó ní kí wọ́n sanwó fún un kò ju ìwé lásán lọ. Àwọn ọmọ wa tó ń tọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ irú ìbẹ̀rù yẹn dáadáa: tí ọ̀gá tó gba físà fún wọn bá yọwọ́, ọjọ́ 60 ni ìjọba sábà máa ń fún wọn láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kí wọ́n kúrò. Ta ni yóò sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun látàrí aláìsàn tí òun ń gbé?

Ẹ̀sùn kẹta: Ẹ ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gba àtàǹpàkò.

"Mo ti gba owó mi, n kò ní ẹjọ́ kankan mọ́." Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á ní kí ọmọ náà tẹ àtàǹpàkò sí i, ìyẹn bí àtàǹpàkò bá ṣẹ́ kù. Òfin ọdún 2010 ní òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá ṣe àdéhùn láti yááfì ẹ̀tọ́ yìí. Ìwé yẹn kò níláárí, ì báà jẹ́ iwájú ọba ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Tí òṣìṣẹ́ bá sì kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún wọn lóṣooṣù. Ẹ̀yin gbé àpò ìrẹsì kan lọ síbi ìsìnkú, wọ́n sì yìn yín.

Ẹ ní ọjà ò tà. Mo gbọ́. Ìdá kan nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín ni òfin ní kí ẹ máa san fún NSITF. Ká ní ẹ ní ènìyàn márùn-ún, tí kálukú ń gba ₦70,000, ₦3,500 ni yóò jẹ́ lóṣù. Kò tó owó díísù tí ẹ̀rọ yín ń mu lójúmọ́.

Ẹ̀sùn kẹrin: Ìjọba ń gbowó, a ò rí ojú rẹ̀.

Ta ló ti rí òṣìṣẹ́ ìjọba rí tó wọ sọ́míìlì ní Ìgbòho láti wo ayùn? Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú. Ariwo pọ̀ nígbà náà, àmọ́ a ò tíì rí ẹni tó wá wo ẹ̀rọ lọ́dọ̀ wa. Owó tí wọ́n ń gbà ńkọ́? NSITF fúnra rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, lọ sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé ó ṣeé ṣe kí ikán ti jẹ ìwé tó yẹ kó fi hàn bí wọ́n ṣe ná owó tó lé ní bílíọ̀nù 17 náírà. Ikán! Wọ́n á sì ní kí ọmọ ẹni tí ayùn gé níka ní Ìgbòho kó ìwé tiẹ̀ wá ní pípé.

Ẹ̀sùn karùn-ún: Àwa fúnra wa.

A ní ọ̀gá ló fún un níṣẹ́, ká má ya aláìmoore. A ní ọ̀rọ̀ ilé ni, ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé. Ìgbòho tó gba àwọn Aláàfin mọ́ra lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí Igbó Ọba tí wọ́n ti sin wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní, kò gba ọmọ tirẹ̀ tí ọwọ́ gé mọ́ra. Owó iṣẹ́ kì í ṣe oore. Ọmọ náà ti fi òógùn san án.

Ìwọ tó fara pa, má sọ pé orí ọ̀kadà lo ti ṣubú. Fi fóònù ya ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó gé e. Sọ fún ọ̀gá níṣojú ẹlòmíràn kí ọjọ́ 14 tó pé, kó o sì kọ ọjọ́ tó o sọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún kan ni òfin fún ọ láti kọ̀wé béèrè owó náà. Ẹ̀ka NSITF wà ní Ìbàdàn, National Industrial Court náà sì ń jókòó níbẹ̀.