Wọ́n fagi lé èdè abínibí níléèwé: ìwé Yorùbá dà?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláùsá, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọdé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí Ìbàdàn. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹyẹrúnkà, Yorùbá ni ọmọ ń gbọ́ nílé, òun náà ni àfáà fi ń túmọ̀ kéwú fún un.

Kí a tó dá èdè lẹ́bi, ìwé wo ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà? Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí ìlànà yìí ní 2022, mínísítà ìgbà yẹn, Malam Adamu Adamu, fúnra rẹ̀ sọ pé kò lè múlẹ̀ tán àfi tí ohun èlò ìkọ́ni àti olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n bá wà. Ìlú olùtẹ̀wé ni Ìbàdàn, síbẹ̀ ìwé ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì tí a fi Yorùbá kọ ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ. Ohun tí ilé ìwé bá máa rà ni olùtẹ̀wé ń tẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliyu Babátúndé Fáfúnwá, Mùsùlùmí ọmọ Èkó, mọ èyí. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n kọ ìwé Yorùbá fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì wá olùkọ́ tó dáńtọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ yìí kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Àléébù kan náà wà nílé-kéwú wa. Lárúbáwá wà lórí wàláà àti nínú kitábù, ṣùgbọ́n ẹnu àfáà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlàyé Yorùbá wà. Bí àfáà bá papò dà, ó ti bá a lọ nìyẹn. Ẹ rántí pé Kìrìsìtẹ́nì, Àlùfáà M. S. Cole, ló kọ́kọ́ tẹ ìtumọ̀ Kùránì jáde ní Yorùbá ní 1906. Ó di 1973 kí ti àwọn onímọ̀ wa tó jáde.

Ìwé kéékèèké lórí ìrun kò wọ́n láàrin wa. Èyí tó kù ni ìtàn, òfin ìdílé àti ìpín ogún, ní Yorùbá tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kà. Bí ilé-kéwú kọ̀ọ̀kan bá kọ ẹyọ kan sílẹ̀ lọ́dún, tí àwọn òbí sì dá owó ìtẹ̀wé, a kò ní dúró de Àbújá. Kí Ọlọ́hun là wá lóye.