Ẹnu lè gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, àwọn oníṣòwò kò dúró ti ìsọ̀ nìkan mọ́. Ẹni tó ń ta gàrí, ẹni tó ń rán aṣọ, àti ẹgbẹ́ tó ń fún òróró ń fẹ́ kí oníbàárà tó wà ní Kùtọnu tàbí ní òkè òkun rí ọjà wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bí a ti ń ṣe ìkànnì. Ìkànnì dà bí ìsọ̀ tí a pàtẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá ní tẹlifóònù lè wọ inú rẹ̀, kí ó wo ọjà, kí ó sì mọ iye rẹ̀.

Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ìjà pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ a pẹ́, tàbí kí ó dé pẹ̀lú àbùkù. Ẹni tó gbé iṣẹ́ a ní wọ́n jẹ òun lówó. Oníṣẹ́ a ní wọn kò jẹ́ kí òun ráyè ṣe é. Irú ìjà yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe àdéhùn lẹ́nu lásán ló ti bẹ̀rẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń ṣe gàrí gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní 200.000 sẹ́fà. Nítorí pé ọmọ àdúgbò ni, wọ́n san gbogbo owó náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní oṣù kan ni òun yóò fi ṣe é. Oṣù kan di mẹ́ta. Nígbà tí ìkànnì náà jáde, àwòrán ọjà kò hàn lórí tẹlifóònù, nọ́ńbà tí oníbàárà yóò pè kò sì tọ̀nà. Ìyá ẹgbẹ́ pè é. Ó ní: “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá, ó kù díẹ̀.” Lẹ́yìn náà, kò gbé ìpè mọ́. Kí ni wọn yóò fi mú un? Kò sí ìwé tó sọ ọjọ́, kò sí ìwé tó sọ iṣẹ́, owó sì ti kúrò lọ́wọ́ wọn.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀dọ́ náà lè ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó béèrè àwòrán ọjà, tí wọ́n sì lo oṣù kan àbọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ojú-ewé mẹ́ta ni wọ́n sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n wá ní kí ó fi ọ̀nà ìsanwó kún un, kí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ ní èdè Faransé, láìfi owó kankan kún owó rẹ̀. Ẹni tó gbé aṣọ ṣòkòtò fún aránṣọ, tó wá ní agbádá ni kí ó fi rán, kò yẹ kí ó bínú pé iṣẹ́ pẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ. Ìwé àdéhùn kò ní láti gùn. Ojú-ewé kan tó. Kí ó sọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe gan-an, ọjọ́ tí yóò parí, àti iye owó. Kí ó sọ ohun tí oníṣòwò yóò mú wá àti ọjọ́ tí yóò mú un wá. Kí ó sọ iye ọjọ́ tí oníṣẹ́ yóò fi tún àbùkù ṣe láìgba owó mìíràn. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Àwọn kan ń sọ pé ìwé tí a kò fi èdè Faransé kọ kì í ṣe ìwé. Ìrònú yìí kò tọ̀nà. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ní ẹ̀ka 11 pé gbogbo ẹ̀yà orílẹ̀-èdè náà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, a lè tú ìwé Yorùbá sí èdè Faransé. Ìwé Faransé tí ìyá ẹgbẹ́ kò lè kà, tó kàn tẹ̀ka sí, ni ewu gidi.

Owó sísan náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó dára kí a san ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì tí a sì fojú rí i, àti èyí tó kù nígbà tí ohun gbogbo bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti pé, kí a má ṣe di owó oníṣẹ́ mú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Orúkọ ìkànnì, bí irú èyí tó ń parí sí .bj ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí .tg ní Tógò, ní owó tí a ń san lé e lórí láti ìgbà dé ìgbà. Kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ gbà á, kì í ṣe orúkọ oníṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí ìkànnì náà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Bí mọlémọlé bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé ilẹ̀, ta ni onílé ní ọjọ́ ìjà?

Bí ìjà bá ti dé ńkọ́? Ariwo kì í tún iṣẹ́ ṣe. Kí ẹni tó gbé iṣẹ́ kọ àbùkù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àwòrán wo ni kò hàn, nọ́ńbà wo ni kò tọ̀nà. Kí ó fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́, kí ó sì dá ọjọ́ tuntun fún un. Kí ó tọ́jú ẹ̀rí owó tó san àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sí ara wọn lórí tẹlifóònù. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, kí wọ́n pe àgbà kan tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, àti ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ó yẹ iṣẹ́ náà wò. Owó iṣẹ́ tó ti pé tọ́ sí oníṣẹ́. Èyí tí kò ṣe, kí ó parí rẹ̀, tàbí kí ó dá owó rẹ̀ padà.

Òfin pàápàá mọ iyì ìlàjà. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú OHADA, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1993, kí òfin òwò wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ọdún 2017, àjọ náà ṣe òfin kan lórí ìlàjà. Ilé ẹjọ́ wà fún ẹni tó bá kọ ìlàjà, ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà tó sọnù sì lè jẹ 200.000 sẹ́fà náà tán.

Láyé àtijọ́, ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè sí àdéhùn, ẹlẹ́rìí a sì máa kú. Ẹni tó ti mọ bí a ti ń kọ̀wé ti ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Kí ó pè é kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.