Àrokò, Ẹnà àti Okùn DNA: Ọ̀rọ̀ Kan Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Mẹ́ta

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Adìgbẹ, ní ìlú Abẹ́òkúta, lè fi Yorùbá tí ó já gaara ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ òbí ni àbùdá ti ń wá, àti pé DNA ni okùn tín-ín-rín tí ó gbé àbùdá náà. Ìṣòro rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ kan bá béèrè bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi okùn yìí kan náà ṣe ìṣirò, tí wọ́n sì ń fi í pa àṣírí mọ́. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Àrokò ni ó máa ń sáré wá sí ẹnu, a sì ń fẹ́ kí òun nìkan ṣe iṣẹ́ mẹ́ta.

Apá ti ìṣirò kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Ní 1994, Leonard Adleman ti Yunifásítì Southern California ní Amẹ́ríkà mú ìlú méje, ó la ọ̀nà tí a kò lè gbà padà sí àárín wọn, ó sì wá ìrìn-àjò tí yóò kan ìlú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré. Olùkọ́ lè sọ ọ́ di ti ilé: kí ìrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ ní Adìgbẹ, kí ó parí sí Aké, kí ó sì kan Panṣẹ́kẹ́, Kútọ̀, Ìtòkú, Ṣàpọ́n àti Láfẹnwá. Adleman fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní okùn DNA kúkurú tí ó ní lẹ́tà 20 nínú A, C, G àti T. Okùn ti ọ̀nà ni ó ṣe kí ìdajì rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ìdí ìlú kan, kí ìdajì kejì lè lẹ̀ mọ́ orí ìlú tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí pé A kì í lẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe T, tí C náà kì í sì lẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe G, àwọn okùn so ara wọn pọ̀ nínú omi ìwọ̀nba, gbogbo ìrìn-àjò tí ó ṣeé ṣe sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíṣa èyí tí ó tọ̀nà láàrin wọn ni ó gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ méje. (Awakọ̀ Panṣẹ́kẹ́ kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.) Okùn, lẹ̀, ìṣirò: ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n.

Ibi tí àrokò ti ń da nǹkan rú ni apá ti ọ̀rọ̀ pípamọ́. Nínú ìwé tí C. A. Gollmer tẹ̀ jáde ní 1885 ni a ti rí àrokò tí ẹni tí a mú lẹ́rú lọ sí Dahomey fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà. Òkúta ni ìlera. Èédú ni òkùnkùn tí ó wà níwájú rẹ̀. Ata ni ọkàn tí ó gbóná. Àgbàdo ni ara tí ó ti gbẹ. Àkísà ni aṣọ tí ó ti gbó. Ìwà ohun tí a rán ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà mìíràn ìró orúkọ ni, bí owó ẹyọ mẹ́fà ti í ṣe àmì ìfàmọ́ra. Kò sí òfin tí ènìyàn lè fi sọ gbólóhùn tí ó bá ṣáà wù ú di àrokò.

Òfin ni gbogbo ti DNA. George Church àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ odidi ìwé kan sínú DNA ní 2012. Ní 2013, Nick Goldman àti àwọn tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kọ ewì Shakespeare 154 sínú rẹ̀. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ àti tábìlì lẹ́tà lè kà á. Ìsọdàmì ni ó yẹ kí a pe èyí. Odù Ifá yóò ran olùkọ́ lọ́wọ́ láti fi kọ́ni. Ìlà mẹ́rin ni odù kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀tún ìlà lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, òsì náà bẹ́ẹ̀, nítorí náà oríṣi mẹ́rin ni ìlà kan lè jẹ́, gbogbo odù sì di 256. Bí a bá to lẹ́tà DNA ní mẹ́rin-mẹ́rin, 256 náà ni yóò jáde. Àwọn tí ó bá ti ibẹ̀ sọ pé àwọn babaláwo ti mọ DNA rí ń ba àpẹẹrẹ dáradára jẹ́ ni.

Àṣírí gan-an ni iṣẹ́ Clelland, Risca àti Bancroft ní 1999. Wọ́n fi lẹ́tà DNA mẹ́ta-mẹ́ta dípò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ kan nípa ìgúnlẹ̀ ọmọ ogun sí Normandy ní June 6. Wọ́n fi lẹ́tà 20 sí orí okùn náà àti 20 sí ìdí rẹ̀, èyí tí olùgbà nìkan mọ̀. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ DNA ènìyàn tí a gé wẹ́wẹ́, wọ́n kán an sórí àmì ìdánudúró inú lẹ́tà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun méjì ni wọ́n ṣe. Fífi okùn kan sáàárín ọ̀pọ̀ okùn kí ojú má baà rí i, ìfarasin ni. Yíyí ọ̀rọ̀ padà pẹ̀lú òfin tí ẹni méjì jọ mọ̀, ẹnà ni.

Gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó ti ṣeré lábẹ́ òṣùpá mọ ẹnà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1982. Bí òfin bá ní kí a ki g àti fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀ bọ ẹ̀yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, ‘Adé wá’ di ‘Agadégé wágá’. Ẹni tí kò mọ òfin yóò gbọ́ ìró láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan yóò ní eré ọmọdé ni, pé kò yẹ gbọ̀ngàn yunifásítì. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń la odò kọjá ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ̀ láti wọ ọkọ̀ òfúrufú nítorí orúkọ rẹ̀. Ìsọdẹnà ni kí ó dúró fún yíyí ọ̀rọ̀ padà, ìtúnà fún títú u, kọ́kọ́rọ́ ẹnà fún òfin tí a fi ń ṣe méjèèjì. Lẹ́tà 40 ti 1999 yẹn kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ẹnà ní tòótọ́, nítorí pé ọ̀nà láti rí okùn ni wọ́n jẹ́, wọn kì í ṣe ọ̀nà láti kà á. Àmì ìwákàn ni ó bá wọn mu. Kí àrokò máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, kí DNA sì máa jẹ́ DNA nínú ìwé Yorùbá.