Ilẹ̀ Mọ́, Ajagun Gbé Apata

Ilẹ̀ mọ́, olówò gbówò, ọ̀rànwú gbé kẹ̀kẹ́, ajagun gbé apata. Ìlú ni àwọn àgbà ń wò tí wọ́n fi pa òwe yìí: bí ojúmọ́ bá ti là, oníkálukú mọ ohun tí yóò nawọ́ mú. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ awọ ara wa pẹ̀lú.

Patanmọ́, ewéko tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn kó lè padé, ló kọ́kọ́ tú àṣírí ohun tó ń sọ fún ìlú náà pé ilẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1729, de Mairan, ará ilẹ̀ Faransé, gbé e sínú òkùnkùn. Síbẹ̀, bí ọ̀sán bá dé, ewé á ṣí. Bí alẹ́ bá lẹ́, á padé. Aago ti wà nínú rẹ̀. Tiwa wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ lójoojúmọ́, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó gba ojú wọlé ló ń tún un tò.

Kí a tó jí rárá ni họ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní cortisol ti ń gòkè, kó lè gbé wa dìde. Bí ilẹ̀ bá ṣú, melatonin á gba iṣẹ́. Òru, nígbà tí oorun bá wọra, ni àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ń fi àrùn tí wọ́n ti bá pàdé sọ́kàn. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fi í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ lára ẹni tí kò sùn tó. Ajagun tí kò ráyè múra lóru, apata wo ni yóò gbé láàárọ̀?

Ẹni tó ń tẹjú mọ́ fóònù lóru lè pa fóònù náà kó sì sùn. Ti òṣìṣẹ́ òru, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó sùn, ló ká mi lára. Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀ nílé láàárọ̀, oòrùn á ti wọ̀ wọ́n lójú lọ́nà, aago ara á ti kéde pé ilẹ̀ mọ́. Àlejò á tún kanlẹ̀kùn: "Ṣé wọ́n ṣì ń sùn ni?" Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ! Lọ́dún 2007, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tó jọ pé ó ń fa àrùn náà, wọ́n sì tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019.

A ti ta kọ́tìnnì dúdú tó nípọn sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi, a sì gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé wọn. Àlejò tó bá dé kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, abẹ́ igi ìta la ń gbé àga sí fún un.