Ọ̀nà Zébé Jìn

Bí orí ẹnìkan bá dàrú lóru ní Kambolé, ní Togo, alùpùpù ni wọ́n ń gbé e lé: ẹ̀gbọ́n níwájú, àbúrò lẹ́yìn, okùn lọ́wọ́ aláìsàn náà. Níbo ni wọ́n ń gbé e lọ? Zébé, lẹ́bàá Aného létí òkun, ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba wà, ó sì ju 300 kìlómítà lọ láti Sokodé, ìlú ńlá agbègbè wa. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló kù fún un.

Grégoire Ahongbonon, tó ń tún táyà ṣe tẹ́lẹ̀, ti já irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn. A kí i. Ṣùgbọ́n ṣé òun ló ń gba owó ọjà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ni?

Àwọn kọmúnù ló ń gbà á, láti ìbò 2019 la sì ti ń yan ìgbìmọ̀ wọn. A ò bèèrè ilé alájà. Kí àwọn kọmúnù Tchamba àti Sokodé dáwó jọ: bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ní ilé ìwòsàn Sokodé, nọ́ọ̀sì kan tó mọ iṣẹ́ ọpọlọ ní Tchamba, oògùn tí kì í tán, àti epo ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn láti Kambolé, láìsí okùn.