Iyùn yín ò dàgbà? Ẹ gbé ìgò yẹn sílẹ̀ ná

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń sin iyùn nínú táǹkì kékeré nílé, ẹ wá gbọ́. Tí iyùn ò bá dàgbà fún oṣù mẹ́ta, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni ká sáré ra ìgò kálísíọ́ọ̀mù, ká ra oúnjẹ iyùn, ká ra iná tuntun. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni da ìgò sínú omi tí kò tíì wọ̀n.

2/ Kì í ṣe iyùn ọrùn ìyàwó ni mo ń wí o. Ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni èyí. Ewé omi wínníwínní tí ojú ò lè rí ń gbé inú ara rẹ̀, àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Iyùn fúnra rẹ̀ wá ń fa kálísíọ́ọ̀mù àti alkalinity látinú omi, ó ń fi kọ́ egungun.

3/ "Ó lọ́ra" yàtọ̀ síra. Acropora ẹlẹ́ka lè fi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn lọ́dún nínú òkun. Porites tó rí bí òkìtì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ni. Zoanthid àti mushroom? Wọn kì í kọ́ egungun òkúta rárá. Ta wá lẹ ń da kálísíọ́ọ̀mù fún?

4/ Ẹ kọ́kọ́ wo iyọ̀. Omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Nínú táǹkì lítà 40, tí lítà 1 bá gbẹ, iyọ̀ tó jẹ́ gíráàmù 35 nínú kílò omi kan ti di nǹkan bíi 36. Ẹ wá da omi kún un lẹ́ẹ̀kan náà lópin ọ̀sẹ̀, ó tún já wálẹ̀. Ta ló máa dàgbà nínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa bu omi RO sí i. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ o. Ní ọ̀pọ̀ ibi níbí ní Britain, wọ́n ń fi phosphate sí i kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà wọ omi mímu. Ó dáa fún wa, kò dáa fún iyùn.

5/ Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ wọn alkalinity ní aago kan náà, ọjọ́ mẹ́ta léraléra, láìda nǹkan kan sí i.

Tó bá ń wálẹ̀, ká ní láti 8.5 dKH sí 7.9, á jẹ́ pé iyùn yín ń kọ́lé, ojú yín ni ò tíì rí i. Ìgbà yẹn ni ìgò wúlò. Ẹ dá ohun tó jẹ padà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí kò bá wálẹ̀ rárá, iyùn ò béèrè. Ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó jẹun, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ kejì la máa gbé fún un?

6/ Kí ló dé tí mo fi mú alkalinity, tí mi ò mú kálísíọ́ọ̀mù? Iyùn ń jẹ méjèèjì pọ̀. Tí alkalinity bá fi 2.8 wálẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù tó wà ní 420 á fi nǹkan bíi 20 péré wálẹ̀. Agbára káká ni test kit ilé fi máa rí i.

7/ Tí kò bá wálẹ̀ ńkọ́? Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Oúnjẹ: nitrate òdo, phosphate òdo, ìyẹn kì í ṣe ohun ìyangàn. A bẹ̀rù ìdọ̀tí débi pé a ń febi pa iyùn. Nitrate 5, phosphate 0.05, kò burú rárá.

Iná: ẹ má kàn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Iná tó pọ̀ lójijì ń jó iyùn.

Afẹ́fẹ́: nígbà òtútù, tí gbogbo fèrèsé wà ní títì, èémí wa ń kún yàrá, pH á sì já. Ẹ bu omi táǹkì sínú ife, ẹ gbé e síta, ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré fẹ́ ẹ fún wákàtí kan. Tí pH bá gòkè, afẹ́fẹ́ yàrá ni ìṣòro. Ẹ ṣí fèrèsé jàre, ọ̀fẹ́ ni!

8/ Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, "Acropora ló kún táǹkì mi, tí mi ò bá da nǹkan sí i lójoojúmọ́, wọ́n á kú." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń wọn omi yín. Ẹni tó ní iyùn mẹ́rin nínú lítà 40 ni mo ń bá wí. Ẹ pààrọ̀ lítà 4 lọ́sẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀ tó dáa, ó lè tó wọn láìsí ìgò kankan.

9/ Owó nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Iyùn tó bá kú, a máa ra òmíràn, inú òkun ni wọ́n sì ti ń gé púpọ̀ nínú wọn, ní Indonesia, ní Australia, nígbà tí òkun ń gbóná, tí iyùn ibẹ̀ ń funfun. Ìkánjú wa nílé ń dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀.

10/ Nítorí náà, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ máa ya fọ́tò láti ojú kan náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wọn omi kí ẹ tó na owó.