Ijó abẹ̀bẹ̀ oníná dùn ún wò, ṣùgbọ́n epo wo lẹ bù sí i?

Ẹni tó bá gba Sábó kọjá n'Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò rí iṣẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń ṣe. Òun ni Málàmù onísùyà fi ń fẹ́ èédú kó lè pọ́n dáadáa. Nínú ilé náà, bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ mìíràn ti wọ òde àríyá o, èyí tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń jóná!

Oníjó á mú un méjì lọ́wọ́, wọ́n á pa iná gbọ̀ngàn, ilù á sọ, iná á máa yí po lórí rẹ̀ fìrì-fìrì. Àwọn èrò á figbe ta. Ẹlòmíì tí ọtí ti ń pa tiẹ̀ fẹ́ sún mọ́ ọn láti ná an lówó. Haba! Ṣé ẹni tí iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí?

Irin ni wọ́n fi ń ṣe abẹ̀bẹ̀ náà. Ó ya bí ìka ọwọ́, wọ́n sì ń fi Kevlar wé orí irin kọ̀ọ̀kan. Obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan nílé-iṣẹ́ DuPont l'Amẹ́ríkà, Stephanie Kwolek, ló ṣàwárí Kevlar yìí lọ́dún 1965, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í tètè wọ̀. Wọ́n á ri abẹ̀bẹ̀ bọ epo, wọ́n á gbọn èyí tó bá pọ̀ jù dànù, wọ́n á wá ṣáná sí i. Àṣà yìí kò tíì pẹ́ láyé. Irú rẹ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ ni ti ọmọ Samoa kan, Freddie Letuli, tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọ̀bẹ ijó wọn, tó ṣáná sí i, ní San Francisco lọ́dún 1946.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òyìnbó ló kọ́ Yorùbá ní fífi iná dárà. Àwọn ará Ifẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé ìtàn Mọ́remí. Ògùṣọ̀ ni wọ́n fi lé àwọn tó ń fi koríko bora wá kó wọn lẹ́rú. Ti Ṣàngó wá ńkọ́? Ẹlẹ́gùn Ṣàngó á gbé ajere tí iná ń jó nínú rẹ̀ lérí, bàtá á máa dún, kò ní já a sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kó o lọ: nínú ilé òrìṣà ní Bahia, wọ́n ṣì ń gbé ajere, wọ́n sì ń gbé òwú tí wọ́n rẹ sínú epo pupa, tó ń jó, mì. Àkàrà ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1963, Dúró Ládipọ̀ gbé Ọba Kò So jáde l'Óṣogbo, iná ń yọ lẹ́nu Ṣàngó rẹ̀ lórí ìtàgé, wọ́n sì gbé e dé Berlin lọ́dún 1964. Lọ́dún 2023, UNESCO kọ orúkọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn ogún àṣà aráyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Tí wọ́n bá kìlọ̀ fún àwọn oníjó òde òní, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣebí àwọn baba wa jẹ iná, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n epo wo ni àwọn baba lò? Epo pupa ni. Epo pupa kì í gbiná wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi tó bá gba ara òwú. Kẹrosíìnì gan-an, bí kò bá gbóná tó nǹkan bíi 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í tètè gbiná. Pẹtirólù ńkọ́? Bí wọ́n tiẹ̀ gbé e sínú yìnyín, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ á ṣì gbiná! Ẹni tó bù ú sí abẹ̀bẹ̀, ó ti fi iná sórí òrùlé sùn.

Kò tán síbẹ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n lú pẹtirólù mọ́ ti ṣekú pa àwọn èèyàn l'Ékòó lọ́dún 2001, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Edo lọ́dún 2004. Obìnrin tó fẹ́ tan sítóòfù ni iná bù mọ́. Báwo wá ni oníjó ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó rà lẹ́bàá títì? Àwọn tó ń fẹnu tú epo síná tún wà. Bí ẹ̀kán díẹ̀ bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọsibítù yá nìyẹn.

Ojúde ni ẹlẹ́gùn ti ń jó, ojú ọ̀run ni òrùlé rẹ̀. Gbọ̀ngàn àríyá tòde òní, aṣọ ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, òdòdó rọ́bà kún gbogbo tábìlì, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣí. Ní West Warwick l'Amẹ́ríkà, ní ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 2003, iná tí àwọn olórin tàn lórí ìtàgé mú fóòmù ara ògiri, 100 èèyàn ló kú. Ní Santa Maria ní Brazil, lóṣù kìíní ọdún 2013, ohun tó jọ ọ́ pa 242. Faaji làwọn èèyàn náà wá ṣe o! Àwọn ará Sábó fúnra wọn kò nílò ẹlẹ́rìí: nígbà ìjà oṣù kẹta ọdún 2017, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná níbẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àárọ̀ kan ni iná fi ń jẹ ohun tí èèyàn fi ogún ọdún kó jọ.

Kò sẹ́ni tó ní kí ọ̀dọ́ má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìgbéyàwó, tẹ́ ẹ ń ṣe òkú àgbà, kẹ́ ẹ tó sanwó fún oníjó iná, ẹ bi í léèrè. Epo wo ló fẹ́ lò? Ṣé ìta gbangba ló ti fẹ́ jó, kí kánópì sì jìnnà sí i? Ta ló máa dúró tì í pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, tí kò ní mutí, tí kò ní wo ibòmíràn? Ṣé aṣọ òwú ló wọ̀, àbí náílọ́ọ̀nù tó máa yọ́ mọ́ ọn lára? Ta ló sì máa sanwó ọsibítù bí ó bá yíwọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni o.

Bí kò bá rí gbogbo rẹ̀ dáhùn, ẹ ní kó gbé abẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀, kó jó bàtá fún yín. Bàtá tó bá dùn, èèyàn kì í béèrè iná.